Ọmọ yín fẹ́ẹ́ di òṣèré? Ẹ mọ onífọ́tò tí ẹ máa kówó fún

Ó ti wọ́pọ̀ báyìí ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ pé kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá wá síwájú bàbá àti ìyá rẹ̀, kó sì sọ pé òun kò fẹ́ẹ́ ṣe dókítà, òun kò fẹ́ẹ́ ṣe lọ́yà, iṣẹ́ òṣèré ló wu òun. Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ì bá dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé, nítorí pé alágbe ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń pe àwọn òṣèré. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Òbí tó bá tiẹ̀ fẹ́ẹ́ bínú pàápàá á rántí pé òun náà ń jókòó síwájú tẹlifíṣàn láti wo àwọn òṣèré yìí kan náà.

Ní Ìkòròdú, ojú àwọn ọ̀dọ́ tún là sí i nígbà tí òkìkí Ikorodu Bois kàn. Ọdún 2017 ni àwọn ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn nǹkan tí wọ́n rí nínú ilé àti láàrin àdúgbò ṣe àwòkọ fíìmù àti orin àwọn gbajúmọ̀. Lọ́dún 2020, wọ́n ṣe àwòkọ ìpolówó fíìmù Extraction, ilé-iṣẹ́ Netflix ti Amẹ́ríkà sì kó irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ní Ẹ̀pẹ́ náà, gbọ̀ngàn eré Lagos Theatre wà níbẹ̀, ọ̀kan lára mẹ́rin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ sí Ẹ̀pẹ́, Ìgàndò, Àgbádárìgì àti Oregun lásìkò Akínwùmí Àḿbọ̀dé, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tó ṣe gómìnà láti ọdún 2015 sí 2019. Ìjọba tún ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Èjìnrìn, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ kan náà, fún ìlú tí wọ́n á ti máa ya fíìmù. Èyí ló fà á tí ọmọ tó wà ní Ìgbógbó tàbí Nọ́fọ́rìjà fi gbà pé iṣẹ́ náà kò jìnnà sí òun mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀ ni owó fọ́tò. Wọ́n á ní kò sí ẹni tó máa pe òun wá ṣe ìdánwò eré bí òun kò bá ní fọ́tò tí òun lè fi ránṣẹ́. Òótọ́ lọmọ sọ. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń pàdánù owó. Ẹni tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, tàbí ẹni tó ń dáko ní Ìmọ̀tà, kò ní owó tó máa fi ṣòfò. Bó bá kówó fún onífọ́tò tí kò mọ irú fọ́tò tí òṣèré ń lò, ọmọ á mú fọ́tò tó dán gbinrin bọ̀ wálé, ṣùgbọ́n kò sí adarí eré kan tó máa pè é. Bó bá sì jẹ́ ọwọ́ oníjìbìtì ló kó sí, ohun tó máa sọ nù lè ju owó lọ.

IRÚ FỌ́TÒ WO NI WỌ́N Ń SỌ?

Orúkọ tí àwọn òṣèré ń pe fọ́tò yìí ni headshot. Fọ́tò ojú ni: láti orí dé àyà, ojú ọmọ ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó ń wo kámẹ́rà tààrà. Ẹ má ṣe rò pé pásípọ́ọ̀tù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ni. Ti pásípọ́ọ̀tù, ojú á le koko bíi ti ẹni tí wọ́n mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ní ti fọ́tò òṣèré, ẹ̀mí gbọ́dọ̀ wà nínú ojú náà, kí ẹni tó ń wò ó lè rò pé ọmọ yìí ti fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀.

Kì í sì í ṣe irú fọ́tò tí àwọn àgbàlagbà wa fẹ́ràn ni. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún yóò rántí bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò nígbà náà: èèyàn á wọ agbádá tàbí ìró àti bùbá tó dára jù lọ, á jókòó sórí àga, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ẹsẹ̀ méjèèjì á hàn, kò sì ní í rẹ́rìn-ín. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tó lọ wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ nípa irú fọ́tò yìí nínú àpilẹ̀kọ kan tó gbé jáde lọ́dún 1978. Ó ṣàlàyé pé ipò àti iyì èèyàn láwùjọ ni fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń fi hàn. Ó tún kọ nípa bí àwọn onífọ́tò ṣe máa ń tẹ àwòrán ìbejì tó wà láàyè ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè dà bíi pé èkejì rẹ̀ tó ti kú jókòó tì í.

Fọ́tò iyì àti fọ́tò ìrántí nìyẹn, ó sì dára láyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yan òṣèré kò wá iyì. Ohun tó fẹ́ẹ́ mọ̀ ni bí ojú ọmọ náà ṣe rí gan-an, àti ohun tí ojú náà lè sọ. Àwọn tó ka ìwé ìròyìn Atọ́ka láyé ọjọ́un, èyí tó ń fi fọ́tò àwọn òṣèré sọ ìtàn eré láti ìparí àwọn ọdún 1960, yóò yé wọn dáadáa. Nínú Atọ́ka, bí ìyàwó bá ń bínú, ojú rẹ̀ nìkan ti tó kí òǹkàwé tó wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

OJÚ TÓ WÀ NÍNÚ FỌ́TÒ NI KÓ WỌLÉ WÁ

Fọ́tò tí ẹni tó ń yan òṣèré máa gbà fún ipò kan ṣoṣo lè pọ̀ gan-an. Kì í pẹ́ lórí ẹyọ kan. Bí èyí tó wù ú bá bọ́ sí i lọ́wọ́, á ní kí wọ́n pe onítọ̀hún. Bí ọmọ náà bá wá dé, tó sì jẹ́ pé ojú tó wọlé yàtọ̀ sí ojú tó wà nínú fọ́tò, inú á bí i, nítorí ojú tó wà nínú fọ́tò ló ń wá. Ìyẹn ni òfin kan tó ju gbogbo òfin lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí: kí fọ́tò jọ ọmọ náà bó ṣe rí lónìí.

Ọ̀rọ̀ Jùmọ̀kẹ́ Orísàgùnà, ìyá oníbúrẹ́dì, ṣì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, gbajúmọ̀ onífọ́tò, TY Bello, ń ya olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, Tinie Tempah, lójú pópó l'Ékòó. Bí Jùmọ̀kẹ́ ṣe ń kọjá lọ pẹ̀lú búrẹ́dì lórí, ó bọ́ sínú fọ́tò náà láìmọ̀. Nígbà tí fọ́tò jáde, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó gbé búrẹ́dì, TY Bello wá a kàn, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe bọ́ sídìí iṣẹ́ afimúra-polówó-ọjà. Oríire nìyẹn, kò sí ẹni tó lè fi ṣe ètò fún ọmọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: ojú rẹ̀ gan-an làwọn èèyàn rí, bó ṣe ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

BÍ A ṢE Ń YAN ONÍFỌ́TÒ

Ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kò wọ́n láti Gàráàjì Ìkòròdú dé Ṣábọ̀, kò sì wọ́n láàrin ìlú Ẹ̀pẹ́. Púpọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ wọn. Kò di dandan kí òbí gbé ọmọ lọ sí Lẹ́kí tàbí Ìkẹjà kó tó rí ẹni tó máa ya ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ẹni tó ń ya ìgbéyàwó lọ́nà tó wu gbogbo ayé lè má mọ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò òṣèré, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ agbádá rán ṣe lè má mọ kóòtù rán.

Nítorí náà, kí òbí kọ́kọ́ ní kí onífọ́tò fi iṣẹ́ rẹ̀ han òun. Kó má wo ti ìyàwó àti ọkọ ìyàwó. Kó ní òun fẹ́ẹ́ rí fọ́tò ojú èèyàn mẹ́wàá ó kéré tán: ọmọdé, àgbà, ọkùnrin, obìnrin, dúdú àti pupa. Bí gbogbo wọn bá ní ojú kan náà, tí ara gbogbo wọn ń dán bíi ike, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe onífọ́tò. Bí ẹ bá sì mọ ẹnì kan lára àwọn tó yà, ẹ bi ara yín bóyá ẹ máa dá a mọ̀ ká ní inú fọ́tò yẹn nìkan lẹ ti rí i.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Onífọ́tò tí kò mọ ìmọ́lẹ̀ lò á mú ọmọ síta ní ọ̀sán gangan. Oòrùn ọ̀sán máa ń da òjìji sínú kòtò ojú, ẹyinjú kò sì ní í hàn, bẹ́ẹ̀ ẹyinjú gan-an ni wọ́n fẹ́ẹ́ rí. Ẹni tó mọṣẹ́ á yà á ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, tàbí kó mú un sábẹ́ ìbòòji, tàbí kó mú un sún mọ́ fèrèsé ńlá. Bó bá jẹ́ iná ló ń lò, kò ní í jẹ́ kí iná náà sọ ọmọ tó dúdú di eérú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí òbí tí ọmọ rẹ̀ dúdú dáadáa wo fọ́tò àwọn tó dúdú nínú iṣẹ́ tí onífọ́tò fi hàn án.

Ẹ tún kíyè sí bó ṣe ń lo kámẹ́rà. Bí wọ́n bá gbé kámẹ́rà, pàápàá ti fóònù, sún mọ́ ojú jù, imú á tóbi, etí á sì kéré. Onífọ́tò tó mọ nǹkan tó ń ṣe máa ń sún sẹ́yìn díẹ̀, á wá lo lẹ́ńsì tó ń fa èèyàn sún mọ́ni. Kí ohun tó wà lẹ́yìn ọmọ náà má ní àwòrán òdòdó, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tàbí afárá Lẹ́kí. Ògiri lásán ti tó.

Ìkẹta, ẹ bi í léèrè ohun tó máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn tó bá ti yà á tán. Kó yọ irorẹ́ tó yọ lánàá kúrò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí irorẹ́ á lọ. Ṣùgbọ́n àpá tó ti wà lára láti kékeré, àmì tí wọ́n bí mọ́ ọn, àlàfo eyín àti ilà ojú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pa rẹ́. Òbí míì máa ń tijú ilà ojú ọmọ, á ní kí wọ́n yọ ọ́. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Nínú eré Yorùbá, bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa ṣe ọmọ ọba tàbí jagunjagun ayé àtijọ́, ilà yẹn gan-an lè jẹ́ ohun tí wọ́n á tìtorí ẹ̀ pè é. Kò sì yẹ kí kọ̀ǹpútà bó ọmọ lára kó di pupa.

Ìkẹrin ni ìwà onífọ́tò náà sí ọmọ. Ara ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í balẹ̀, ojú rẹ̀ á sì le. Onífọ́tò tó dára á bá a sọ̀rọ̀, á bi í nípa eré tó fẹ́ràn, á fún un láyè kó mí kanlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń pariwo, tó ń kánjú nítorí pé òde ìnáwó kan ń dúró dè é, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbé irú iṣẹ́ yìí fún.

Ìkarùn-ún ni àdéhùn. Kí òbí béèrè iye fọ́tò tí ọmọ máa gbà, ọjọ́ tó máa gbà á, aṣọ mélòó ló lè pààrọ̀, àti iye gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Kó béèrè lọ́wọ́ onífọ́tò méjì tàbí mẹ́ta kó tó pinnu. Kó san díẹ̀ ṣáájú, kó fi ìyókù pamọ́ títí tó fi máa rí iṣẹ́, kó sì gba rìsíìtì. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ Ọpọlọ ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà, ẹni tó ya fọ́tò ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Nítorí náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ lè lo fọ́tò náà níbikíbi tó bá ti ń wá iṣẹ́ eré, àti pé onífọ́tò kò ní í fi polówó ohunkóhun láìgba àṣẹ òbí. Ojú ìwé kan ti tó, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

BÍ ỌMỌ ṢE MÁA MÚRA

Kí ọmọ wọ aṣọ aláwọ̀ kan tó bá ara rẹ̀ mu. Áńkárá olódòdó ńlá á gba ojú kúrò lára rẹ̀, aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí láyà náà kò dára. Kò sí gèlè, kò sí fìlà, kò sí awò dúdú. Àtíkè kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Irun tó bá máa gbé lọ sí ibi ìdánwò ni kó gbé lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Kó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó sì jẹun kó tó jáde.

Fọ́tò mẹ́ta ló máa ń tó láti fi bẹ̀rẹ̀: ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ojú tí kò rẹ́rìn-ín, àti odindi èèyàn láti orí dé ẹsẹ̀, torí àwọn tó ń yan òṣèré níbí sábà máa ń béèrè ìyẹn náà. Ní Amẹ́ríkà, ìwé tó fẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́jọ, tó gùn ní ínǹṣì mẹ́wàá, ni wọ́n máa ń tẹ fọ́tò ojú sí, wọ́n á sì so ìwé ìrírí iṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Níbí, orí fóònù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà lọ báyìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ gbà á lọ́wọ́ onífọ́tò lórí WhatsApp bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ lásán, nítorí pé WhatsApp máa ń fún fọ́tò mọ́lẹ̀, kò sì ní í mọ́lẹ̀ kedere mọ́. Kí onífọ́tò fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, tàbí kó gbà á sórí fláàṣì. Bí ọmọ bá ti dàgbà sí i, tó gé irun tàbí tó yọ irùngbọ̀n, kó tún òmíràn yà.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ÀWỌN WỌ̀NYÍ

Oníjìbìtì kan wà tí kì í pe ara rẹ̀ ní onífọ́tò. Á ní ejẹ́ǹtì lòun, pé òun mọ àwọn gbajúmọ̀, pé ipò ti wà nílẹ̀ fún ọmọ, pé ohun tó kù kò ju kí ó lọ ya fọ́tò lọ́dọ̀ ẹnì kan pàtó, kó sì sanwó kíákíá kí àyè má baà bọ́. Owó fọ́tò yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní California, níbi tí Hollywood wà, wọ́n ṣe òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010, tó ka á léèwọ̀ fún ejẹ́ǹtì láti gbowó lọ́wọ́ òṣèré ṣáájú kó tó bá a wá iṣẹ́. Ejẹ́ǹtì tòótọ́, inú owó iṣẹ́ tó bá bá ọmọ rí ló ti ń gba tirẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ọ̀dọ̀ onífọ́tò kan ṣoṣo ni kí ẹ lọ, ẹ yáa bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Kí òbí béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ òṣèré bíi TAMPAN tàbí Actors Guild of Nigeria bóyá wọ́n mọ ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní adarí eré tàbí ejẹ́ǹtì. Kí ọmọ má ṣe lọ ya fọ́tò ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tàbí nínú ilé àdáni, ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ṣọ́ọ̀bù tí àwọn èèyàn ń wọlé tí wọ́n ń jáde ló dára. Bí ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, òbí tàbí àgbà kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Onífọ́tò tó bá ní òbí kò gbọ́dọ̀ wọlé ti sọ irú ẹni tó jẹ́.

Fọ́tò ojú kò nílò kí ẹnikẹ́ni bọ́ aṣọ. Bí ẹni kan bá ní kí ọmọ bọ́ra nítorí ipò nínú eré, kí wọ́n kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìpínlẹ̀ Èkó, tó wà láti ọdún 2007, ń dáàbò bo ọmọ tí kò tíì pé méjìdínlógún, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, DSVA, sì wà láti gba ẹ̀sùn. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ní kí ọmọ tẹ̀ lé wọn lọ sí ìlú òkèèrè nítorí iṣẹ́ eré tí kò sí ìwé kankan fún, ọ̀dọ̀ NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, ni kí wọ́n gbé e lọ.

FỌ́TÒ NÌKAN KỌ́

Kí òbí àti ọmọ mọ̀ pé fọ́tò kò lè sọ ẹni tí kò mọ eré ṣe di òṣèré. Ohun tó lè ṣe kò ju kó jẹ́ kí wọ́n pè é. Bó bá dé ibẹ̀, ẹnu rẹ̀, ara rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀ ni yóò sọ ìyókù. Nítorí náà, òbí tó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ ná gbogbo rẹ̀ sórí fọ́tò. Kó yọ ti fọ́tò mẹ́ta tó mọ́ kedere, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ eré àti owó ọkọ̀ tí ọmọ máa fi lọ ṣe ìdánwò.

Bí ẹ bá wá gba fọ́tò náà, kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ gbé e lọ fún ìyá àgbà tàbí aládùúgbò kan tó ti mọ ọmọ náà láti kékeré. Ẹ má sọ ohunkóhun fún un. Bó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì dárúkọ ọmọ yín láìronú, ẹ padà lọ san owó onífọ́tò. Bó bá kọ́kọ́ béèrè pé ta nìyí, ẹ ní kó tún un yà.